Ìròyìn àti Àfojúbà: Àyẹ̀wò Ìtàn Àròsọ Tí A Kọ Láti Inú Eré Amóhùnmáwòrán Ajẹmọ́-Sáyẹ́ǹsì

1. Ìfáárà

Oríṣi ìwé kan wà tí àwa lámèyítọ́ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé a kò rí i. Ìwé náà ni ìtàn àròsọ tí a kọ láti inú eré tí a ti kọ́kọ́ ṣe lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí jẹ mọ́ eré sáyẹ́ǹsì, ìyẹn eré tí ó ń sọ nípa ìrìn-àjò láti ayé kan dé òmíràn, nípa ẹ̀rọ tí ń hùwà bí ènìyàn, àti nípa ọjọ́ iwájú tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Ohun tí ó mọ́ wa lára ni kí ìwé ṣáájú eré. Wálé Ògúnyẹmí gbé ìwé Fágúnwà sórí ìtàgé nínú Láńgbòdó, èyí tí Nàìjíríà fi ṣeré níbi FESTAC ní 1977. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 di fíìmù ní 1997. Níbi tí a ń lọ yìí, eré ni ẹ̀gbọ́n, ìwé ni àbúrò.

Ẹ̀sùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́ nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé torí owó ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Èyí kò gba àríyànjiyàn. Torí owó ni, ṣùgbọ́n torí owó náà ni ọ̀pọ̀ eré alárìnjò tí à ń kọ́ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ṣe wáyé, a kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Èkejì ni ó le. Wọ́n ní ẹ̀dà lásán ni, pé ẹni tí ó bá ti wo eré kò tún ní ohun tí yóò fi ìwé ṣe. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ó gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ ni pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ìbéèrè tiwa ni pé, bí àfojúbà bá parẹ́ ńkọ́? Èrò tí a ó gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé irú ìwé yìí kì í ṣe ẹ̀dà eré. Ẹlẹ́rìí eré ni. A kì í bi ẹlẹ́rìí bóyá ó jọ ohun tí ó rí. Ohun tí a ń bi í ni ibi tí ó dúró sí, ohun tí ó rí, ohun tí kò lè rí, àti ohun tí ó fi ti ara rẹ̀ kún un.

2. Ìdí tí irú ìwé yìí fi wáyé

Eré tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Doctor Who, èyí tí ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní Ìlú Ọba ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 1963. Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ni arìnrìn-àjò kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dókítà. Ọkọ̀ rẹ̀ dà bí àpótí tẹlifóònù tí àwọn ọlọ́pàá Ìlú Ọba máa ń lò nígbà kan rí. Kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tóbi ju ìta lọ, ó sì lè gbé e dé àná tàbí ọ̀la. Nígbà náà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni eré náà ń jáde, ìtàn kan a sì máa gba ìpín mẹ́rin, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé àkọ́kọ́ tí a kọ láti inú rẹ̀ jáde ní 1964. David Whitaker, ẹni tí ó ti jẹ́ olóòtú ìtàn fún eré náà, ni ó kọ ọ́. Eré tí Terry Nation kọ nípa àwọn Dalek ni ó sì gbé e karí. Ó yẹ kí á kíyè sí ohun tí Whitaker ṣe. Lórí amóhùnmáwòrán kò sí asọ̀tàn. Kámẹ́rà ni ó ń fi ohun gbogbo hàn wá. Nínú ìwé, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Ian Chesterton, ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Whitaker tún yí ìbẹ̀rẹ̀ padà. Nínú eré, olùkọ́ méjì ni ó tọ akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan lẹ́yìn dé ọgbà tí wọ́n ń kó àlòkù ẹrù sí. Nínú ìwé, inú kùrukùru, níbi tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lóru, ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Láti orí ìwé àkọ́kọ́ pàá ni òǹkọ̀wé ti fi hàn pé ẹlẹ́rìí tí ó ní ẹnu tirẹ̀ ni òun, pé òun kì í ṣe adàwékọ.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, James Blish bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ kan náà lórí Star Trek ní 1967. Òun sọ ìpín kọ̀ọ̀kan di ìtàn kúkúrú, ó sì kó ọ̀pọ̀ wọn sínú ìwé kan. Ní Ìlú Ọba, àwọn ìwé Doctor Who ti ilé-ìtẹ̀wé Target bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1973. Terrance Dicks, tí òun náà ti ṣe olóòtú ìwé eré yìí rí, nìkan ni ó kọ ohun tí ó ju 60 lọ nínú wọn.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rà wọ́n kò farasin. Kí fídíò tó wọ ilé, eré tí ó bá ti kọjá lójú ẹni ti kọjá nìyẹn. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, BBC fúnra rẹ̀ ń pa àwọn eré náà rẹ́. Téèpù wọ́n, a sì lè tún un lò. Àdéhùn pẹ̀lú àwọn òṣèré kò jẹ́ kí wọ́n lè máa tún eré gbé jáde bí ó ti wù wọ́n. Nígbà tí amóhùnmáwòrán aláwọ̀ sì dé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó rò pé eré aláwọ̀ dúdú òun funfun yóò tún wúlò fún ohunkóhun. Títí di òní, ìpín tí a kò tíì rí nínú Doctor Who ń lọ sí 100. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé Target ni àwọn ọmọdé fi ń mọ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn wò.

3. Àwọn fíìmù tí ó ti Jos padà

BBC máa ń da eré sórí fíìmù láti tà á fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó rà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, a gbọ́ ìkéde pé Philip Morris, tí ó máa ń wá àwọn eré tí ó sọnù kiri ayé, ti rí ìpín mẹ́sàn-án tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parẹ́. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Jos ni ó ti rí wọn. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ti The Enemy of the World, tí ó jáde láti oṣù kejìlá ọdún 1967 sí oṣù kìíní ọdún 1968. Mẹ́rin jẹ́ ti The Web of Fear, tí ó tẹ̀ lé e ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 1968. Ìtàn kìíní pé padà. Èkejì kò pé tán. Ìpín kẹta rẹ̀ kò bá àwọn yòókù dé ilé.

Ìwé àwọn ìtàn méjèèjì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí fíìmù tó dé. Terrance Dicks kọ ti The Web of Fear ní 1976; Ian Marter kọ ti The Enemy of the World ní 1981. Fún ọdún 37 àti ọdún 32 ni àwọn ẹlẹ́rìí méjì yìí fi ń rojọ́, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí a lè fi dán ọ̀rọ̀ wọn wò ju ìpín kọ̀ọ̀kan tí ó ṣẹ́kù àti ohùn tí àwọn olólùfẹ́ eré gbà sílẹ̀ nínú ilé wọn. Ní 2013, ohun tí wọ́n ń jẹ́rìí sí dé láti ilẹ̀ wa. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í sábà bọ́ sí lámèyítọ́ lọ́wọ́.

4. Ẹlẹ́rìí tí ó mọ ọjọ́ iwájú: The Web of Fear

Nínú ìtàn yìí, wọ́n ti kó gbogbo ènìyàn kúrò ní àárín ìlú London. Òwú bí ti aláǹtakùn ti dí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, àwọn ẹ̀rọ onírun tí wọ́n ń pè ní Yeti sì ń rìn káàkiri inú rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun díẹ̀ há mọ́ abẹ́ ilẹ̀. Agbára àìrí kan ni ó ń darí àwọn Yeti, ó sì ti rí ẹnì kan lò láàrin àwọn ọmọ-ogun náà. Ta ni ọ̀dàlẹ̀? Ìbéèrè yìí ni òpó àhunpọ̀ ìtàn.

Inú ìtàn yìí ni Dókítà àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Lethbridge-Stewart ti kọ́kọ́ pàdé. Ìpín kẹta gan-an ni wọ́n ti pàdé, ìyẹn èyí tí kò tíì padà. Nítorí náà, níbi tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré náà fẹ́ rí jù lọ, ìròyìn ni ó ṣì ń dúró fún àfojúbà.

Báwo ni Dicks ṣe ròyìn rẹ̀? Ó dá ìṣẹ̀lẹ̀ dúró díẹ̀, asọ̀tàn sì bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ tààrà. Ó ní àwọn méjèèjì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpàdé náà jẹ́ ti inú ìtàn ayé, ó sì fi í wé ti Stanley àti Dókítà Livingstone. Ó sọ fún wa pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì yìí ni yóò di Brigadier lẹ́yìnwá ọ̀la. Kò sí kámẹ́rà tí ó lè ṣe èyí. Ní 1968, àwọn tí ó ń ṣe eré náà pàápàá kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọkùnrin yìí yóò di ọ̀rẹ́ Dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dicks dúró ní 1976 láti jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1968, ó sì fi ojú 1976 wò ó.

Èrè wà nínú rẹ̀. Àdánù náà wà. Èrè rẹ̀ ni pé ọmọ tí ó ti mọ Brigadier bí ẹni mọ owó mọ ìgbà tí ọ̀rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àdánù rẹ̀ ni pé ó ba ìfura jẹ́. Ní 1968, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ajèjì tí ó ṣàdédé yọ nínú òkùnkùn jẹ́ ẹni tí ó yẹ kí á fura sí. Bí a bá ti sọ fún òǹkàwé pé ọ̀rẹ́ Dókítà ni yóò dà, ọ̀kan ti kúrò nínú àwọn tí a lè pè ní ọ̀dàlẹ̀, òpó ìtàn sì ti mì. Ẹni tí kò rí eré kò lè mọ̀ pé òun pàdánù ohunkóhun.

Àfiwé tí Dicks lò náà yẹ fún àròjinlẹ̀. Fún ọmọ Ìlú Ọba, ìpàdé Stanley àti Livingstone ní Ujiji ní 1871 jẹ́ ìtàn akọni méjì. Fún àwa, Stanley kan náà ni ó padà wá ṣiṣẹ́ fún Ọba Leopold ní Kóńgò, a sì mọ ohun tí ojú àwọn ará Kóńgò rí lẹ́yìn náà. Òǹkọ̀wé kò ro èyí, nítorí kò ro àwa náà mọ́ òǹkàwé rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni ó bá a pa fíìmù mọ́ nígbà tí ilé tirẹ̀ sọ ọ́ nù.

5. Ojú kan, orúkọ méjì: The Enemy of the World

Ìtàn kejì fi ibi tí agbára ẹlẹ́rìí pin sí hàn kedere. Salamander ni aṣebi rẹ̀, ẹni tí ó ń wá bí gbogbo ayé yóò ṣe bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ó jọ Dókítà bí ìbejì. Òṣèré kan náà, Patrick Troughton, ni ó ṣe àwọn méjèèjì. Nítorí ìjọra yìí, àwọn kan bẹ Dókítà kí ó díbọ́n bíi Salamander. Nígbà tí ó yá, Salamander náà díbọ́n bíi Dókítà.

Lórí amóhùnmáwòrán, ojú kan ni à ń wò. Inú ìrìn, ohùn àti ẹ̀rín ni òṣèré ti ń dá àwọn ènìyàn méjì náà yà sọ́tọ̀. Nígbà tí ọ̀kan bá wọ yàrá, òǹwòran a kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó wọlé. Nínú ìwé, gbólóhùn kò lè lọ jìnnà láìdárúkọ. Bí asọ̀tàn bá kọ ‘Dókítà wọlé,’ àṣírí ti tú. Bí ó bá kọ ‘Salamander wọlé’ nígbà tí kì í ṣe Salamander, ó ti purọ́ fún òǹkàwé. Ọ̀nà kan tí ó kù ni kí ó má dárúkọ rárá, kí ó máa pè é ní ‘ọkùnrin náà’. Ìyẹn pẹ̀lú yóò ta òǹkàwé lólobó pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Ìṣòro yìí kì í ṣe àléébù Marter. Ìṣòro ọ̀rọ̀ kíkọ ni.

Marter ní ohun tirẹ̀ láti fún wa. Òṣèré ni òun náà. Òun ni ó ṣe Harry Sullivan nínú Doctor Who ní 1974 àti 1975. Àwọn tí ó ka ìwé rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í fi ìrora pamọ́. Ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti ìpayà tí eré ìrọ̀lẹ́ Sátidé kò lè fi han ìdílé tí ó jókòó sídìí oúnjẹ, Marter kọ wọ́n sílẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ikú ń dunni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ ìtàn náà. Ṣáájú 2013, ìpín kẹta nìkan ni ó ṣẹ́kù. Láti inú ìpín kan yìí àti ìwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dájọ́ pé ìtàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Nígbà tí àwọn ìpín yòókù ti Jos dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn yí ìdájọ́ padà. Àhunpọ̀ ìtàn kò yàtọ̀. Marter ti sọ ọ́. Ojú Troughton ni wọn kò tíì rí. Níhìn-ín, a gbà fún àwọn àgbà: ìròyìn kò tó àfojúbà.

Síbẹ̀, inú ìtàn náà gan-an ni ìdáhùn kan wà. Salamander ti tan àwọn ènìyàn kan sí abẹ́ ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ó sọ fún wọn pé ogun ṣì ń jà lókè, wọ́n sì ń bá a dá ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀tá ni àwọn ń bá jà. Ohun tí ó tú àṣírí rẹ̀ ni àjákù ìwé ìròyìn kan tí ó lẹ̀ mọ́ ẹrù oúnjẹ. Swann, ọ̀kan nínú wọn, kà á, ó sì mọ̀ pé ayé ń bá ìṣe rẹ̀ lọ lókè. Àjákù náà kò fi oòrùn hàn án. Ó kàn jẹ́ kí ó mọ̀ pé oòrùn wà, kí ó sì béèrè fún un.

6. Ibi tí eré tiwa wà

Bí fíìmù Ìlú Ọba bá lè wà ní Jos títí ẹni tí ó ń wá a fi dé, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ibi tí eré tiwa wà. WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣèré bí Dúró Ládípọ̀, Moses Ọláìyá àti Oyin Adéjọbí ti ṣeré Yorùbá lórí amóhùnmáwòrán. Mélòó ni a ṣì lè wò lónìí?

Bàbá mi dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nígbà tí ilé tí ó ní amóhùnmáwòrán kò pọ̀. Ojú fèrèsé onílé ni ọ̀pọ̀ ti ń wòran. Ọmọ tí kò bá ráyè dé ibẹ̀ yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì lójú ọ̀nà ilé-ìwé, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n sọ jù ni wọn yóò yí ká. Eré alátẹ̀lé kan wà tí bàbá mi ń sọ títí di òní. Mo wá téèpù rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e jáde. Wọ́n ní wọ́n ti gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Ẹnu bàbá mi ni eré náà wà báyìí. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sọ eré kan náà, ó máa ń yàtọ̀ díẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n.

Ìwà yìí kì í ṣe àjòjì nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Fágúnwà kò pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó dá ìtàn sílẹ̀. Àgbàlagbà kan ni ó wá bá a pé kí ó mú gègé àti ìwé. Bí ó sì ti ń sọ ọ́ ni àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń wá gbọ́. Òkìkí ìtàn àròsọ wa dúró lórí ìwé tí ó pe ara rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ohun tí ẹlòmíràn fẹnu sọ. Báwo ni a ó ṣe tún máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé tí ó bá gbà pé eré ni òun ti wá?

A ti gbìyànjú díẹ̀. Atọ́ka lo fọ́tò àti ọ̀rọ̀ láti fi gbé eré àwọn alárìnjò fún òǹkàwé. Ní 1994, Karin Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ tẹ eré mẹ́ta ti ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí jáde bí àwọn òṣèré ti sọ ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àdàkọ ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Òǹkàwé ni yóò fúnra rẹ̀ ya àwòrán sí i. Èyí tí ó súnmọ́ ohun tí à ń sọ jù lọ ni Ṣaworoidẹ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ fún fíìmù tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Ní 2008, ìtàn náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé. Fíìmù ni, kì í ṣe eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í sì í ṣe ìtàn sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó ń tẹ̀ lé. Adé idẹ, gbẹ́rẹ́ àti ìlù gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu ní Jogbo. Ẹni tí ó bá dé adé láìgba gbẹ́rẹ́, ìró ìlù yóò pa á. Lagata já adé gbà pẹ̀lú ìbọn, ìlù sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. A ti sọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ fún wa níbẹ̀rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níkẹyìn. Bí ẹ̀rọ inú ìtàn sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nínú fíìmù, a gbọ́ ìlù. Nínú ìwé, a kò lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ohun tí Dicks àti Marter kò ní. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ìlù wa ń sọ. Àmì ohùn sì ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ sórí ìwé. Ẹni tí ó bá ka ohun tí ìlù wí, tí àmì orí rẹ̀ sì pé, ti ń gbọ́ díẹ̀ nínú ìlù náà. Àdánù tí ó bá ojú Troughton nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò ní dé bá ìlù wa tán, bí òǹkọ̀wé kò bá fi àmì ṣeré.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi ìwé méjì wé eré tí wọ́n jẹ́rìí sí. A rí i pé Dicks mọ ohun tí eré kò mọ̀, ìmọ̀ náà sì ba ìfura jẹ́. A rí i pé Marter sọ ìrora tí eré fi pamọ́, ṣùgbọ́n ojú kan tí ó jẹ́ ènìyàn méjì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀dà nínú wọn. Lámèyítọ́ tí ó bá ń bi irú ìwé bẹ́ẹ̀ bóyá ó jọ eré tó kàn ń bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn ni.

Àbá wa fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí kò pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí eré amóhùnmáwòrán Yorùbá má dúró lórí wíwá téèpù nìkan. Kí ó wá àwọn tí ó wo eré, kí ó gba ìtàn náà lẹ́nu wọn, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọdún tí ó wò ó. Bí ẹni méjì bá sọ ọ́ ní ọ̀nà méjì, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Kí àwọn tí ó ní ẹ̀bùn ìtàn kíkọ láàrin wa sì sọ díẹ̀ nínú wọn di ìtàn àròsọ, bí Ìṣọ̀lá ti ṣe. Bí fíìmù kan bá tún yọ láti ìlú kan lọ́jọ́ kan, a ó fi ẹlẹ́rìí wa wé e. Bí kò bá sì yọ, ẹlẹ́rìí yóò wà. Àwọn tí ó dúró ní ojú fèrèsé ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nígbà náà ti ń darúgbó.